Ìyá ní Kúdẹtì: Ìtàn Anna Hinderer, Olùkọ́ tí Ogun Sọ di Olùtọ́jú Aláìsàn

Bí a bá ń sọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ àwọn jagunjagun ni ó máa ń kún ẹnu wa. Bí a bá dárúkọ Ìbàdàn, Olúyọ̀lé, Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá ni a kọ́kọ́ ń rántí. Bí a bá dárúkọ Ìjàyè, Kúrunmí ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí, nítorí ogun ni ó tẹ ìlú púpọ̀ dó ní ayé ìgbà náà, ogun náà ni ó sì tú púpọ̀ ká. Ṣùgbọ́n ogun kì í ṣe ti ẹni tí ó gbé ìbọn nìkan. Ẹni tí ó wá oúnjẹ fún ọmọ tí ebi ń pa, ẹni tí ó pa ojú mọ́ nídìí ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀, ẹni tí ó jókòó ti ẹni tí ń kú lọ, gbogbo wọn ni ó wà nínú ogun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onílù kò lu ìlù fún wọn.

Ọ̀kan nínú irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ níhìn-ín. Anna Hinderer ni orúkọ rẹ̀. Ó wá sí Ìbàdàn ní ọdún 1853 láti kọ́ ọmọdé ní ìwé. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860, ogun náà sé e mọ́ ìlú fún ọdún márùn-ún, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì di ilé ìtọ́jú. Ohun kan ni a fẹ́ kí òǹkàwé mú dání bí a ti ń bá ìtàn náà lọ: kì í ṣe ní ìgbà tí ọ̀nà là tí ẹrù sì ń ti Èkó wọlé ni Ìjọ Ọlọ́run fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ìgbà tí kò sí owó, tí kò sí ẹrù, tí kò sí ìròyìn ilé, nígbà náà gan-an ni gbòǹgbò rẹ̀ wọlẹ̀.

I. Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ní ọjọ́ 19 oṣù March, ọdún 1827, ni a bí Anna Martin ní Hempnall, ìletò kan ní Norfolk, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méjìlá, a mú un lọ sí Lowestoft ní etí òkun, láti máa gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà àti àbúrò òbí rẹ̀ obìnrin. Ọmọ tí kò ní ìyá ni, ó sì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ọmọdé máa wá ọwọ́ tí yóò gbá a mọ́ra. Bóyá nítorí èyí ni ó ṣe jẹ́ pé, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àwọn ọmọ tí kò rí ẹni tọ́jú wọn ni ọkàn rẹ̀ máa ń fà sí.

Ní Lowestoft ni ó ti bá Àlùfáà Francis Cunningham pàdé àti Richenda aya rẹ̀. Richenda jẹ́ àbúrò Elizabeth Fry, obìnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo Yúróòpù nítorí àánú tí ó ṣe fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Nínú ilé àlùfáà yìí ni Anna ti kọ́ bí a ti í fi ẹ̀sìn ṣiṣẹ́. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni ó ti ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Lẹ́yìn náà ó kó àwọn ọmọ tálákà jọ, àwọn tí ń rìn káàkiri ìgboro nínú àkísà, ó sì ń kọ́ wọn. Olùkọ́ ni kí ó tó di aya òjíṣẹ́, olùkọ́ ni kí ó tó fi ojú kan ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú.

David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Württemberg ní Jámánì, ni ó fẹ́ ẹ ní oṣù October, ọdún 1852. Ẹgbẹ́ C.M.S. ni ó rán David wá sí ilẹ̀ Yorùbá, òun ni ó sì kọ́kọ́ dé Ìbàdàn nínú àwọn òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ náà, ní ọdún 1851, tí ó gbé ibẹ̀ fún oṣù díẹ̀ láti wo bí ìlú náà ti rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1853 ni tọkọtaya náà gúnlẹ̀ sí Èkó. Wọ́n gba Abẹ́òkúta kọjá, wọ́n sì wọ Ìbàdàn ní ọdún kan náà.

II. Ìlú tí ó bá

Kí a lè mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti le tó, ó yẹ kí a rántí irú ìlú tí Ìbàdàn jẹ́ nígbà náà. Bùdó ogun ni ó jẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1829. Àwọn ọmọ ogun láti Ọ̀yọ́, láti Ifẹ̀, láti Ìjẹ̀bú àti láti Ẹ̀gbá ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó ní àyíká ọjà tí a ń pè ní Ọjà'ba lónìí. Ìgbà Baṣọ̀run Olúyọ̀lé ni a bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ọjà Ìbà nítorí oyè rẹ̀. Òkè Màpó dúró gangan lókè ọjà náà. Agbo ilé sì tàn ká láti ibẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ, sí Bẹ́yẹrúnká, àti sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè náà. Gbọ̀ngán Màpó tí a ń wò lónìí kò tí ì sí nígbà náà, ọdún 1929 ni a ṣí i. Ní ọdún 1858 Balógun Ìbíkúnlé mọ odi ńlá yí ìlú ká. Ẹni tí ó bá ti Ọjà'ba sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù yóò dé odò Kúdẹtì. Ibẹ̀ ni David Hinderer gba ilẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ó kọ́ ilé, ilé ìsìn àti ilé ẹ̀kọ́ sí.

Ní Ìbàdàn, a kì í jogún oyè gẹ́gẹ́ bí a ti ń jogún rẹ̀ ní ìlú aládé. Akin ni ó ń jẹ oyè. Ọmọ tálákà tí ó bá lè jà lè di Balógun, Balógun sì lè di Baálẹ̀. Nítorí náà bàbá tí ó ní ọmọkùnrin a máa retí ọjọ́ tí ọmọ náà yóò tẹ̀ lé e lọ sí ojú ogun. Ta ni nínú wọn tí yóò yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ kí ó jókòó ti ìwé, kí ó sì di ẹni tí kò lè gbé apó? Ẹ̀rù a máa bà wọ́n pé ìwé yóò sọ ọmọ di ojo. Kì í ṣe òpè ni àwọn tí ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀; ohun tí ó ń gbé ènìyàn ga ní ìlú wọn ni wọ́n mọ̀.

Síbẹ̀, ìjòyè kan, Olúńlọ́yọ̀ọ́, fi ọmọ rẹ̀ méjì fún Anna kí ó kọ́ wọn: Akínyẹlé, ọmọkùnrin, àti Yéjídé, ọmọbìnrin. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ọmọbìnrin wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́ ìwé ní Ìbàdàn. Ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin kan ní ìlú náà ṣì ń jẹ́ orúkọ Yéjídé títí di òní. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn mìíràn dé. Anna kò fi mọ sí pé kí ó kọ́ wọn ní ábídí, kí wọ́n sì padà sí ilé; púpọ̀ nínú wọn ń bá a gbé, wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń gbàdúrà pọ̀, wọ́n sì ń sùn lábẹ́ òrùlé kan náà. Ó kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ní orin àti ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Àwọn náà sì kọ́ ọ ní èdè Yorùbá. Kò bí ọmọ kankan nínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n "Ìyá" ni gbogbo wọn ń pè é, orúkọ yìí ni àwọn aládùúgbò sì bá wọn pè é.

Kò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ìlú. Ó wá ọ̀nà láti lọ kí Ìyálóde, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ìyá àgbà tí ó ní ìwà pẹ̀lẹ́ ni, ẹni tí a ń mú ẹjọ́ àwọn obìnrin lọ bá kí a tó gbé e dé iwájú olórí ìlú. Ọ̀rọ̀ yìí ti wúlò fún àwọn òpìtàn wa, nítorí ó fi hàn pé àwọn obìnrin Ìbàdàn ní olórí tiwọn tí ó ní àṣẹ kí ìjọba òyìnbó tó dé.

Ìdùnnú rẹ̀ kò ṣàì ní ìbànújẹ́ nínú. Ní ọdún 1855 Kefer, òjíṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn, kú ní Ìbàdàn. Ibà kò fi Anna àti ọkọ rẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀, ó sì di dandan fún wọn láti padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1856. Nígbà tí wọ́n tún dé ní ọdún 1858, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó ti Sàró bọ̀ wà pẹ̀lú wọn láti ṣe ìrànlọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Henry Johnson, òun àti ìdílé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tí ń jẹ́ Samuel, tí a bí ní ọdún 1846, wà nínú àwọn ọmọ tí ń sáré kiri àgbàlá Kúdẹtì. A ó tún gbọ́ orúkọ ọmọ yìí níwájú.

III. Ogun dé

Ní ọdún 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà ní Ọ̀yọ́. Àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n Adélù, Àrẹ̀mọ Àtìbà, kò kú, òun ni a sì fi jọba. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, kọ̀. Ó ní òun kò lè rí àṣà àwọn baba kí ó bàjẹ́ ní ojú òun. Balógun Ìbíkúnlé kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ogun, nítorí ó mọ̀ pé arákùnrin ni Ìbàdàn àti Ìjàyè. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ẹnu àgbà, ìbọn ni ó máa ń sọ ọ́. Ní ọdún 1860 ogun bẹ́ sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ Ìjàyè nìkan ni Ìbàdàn bá jà, ó lè jẹ́ pé Kúdẹtì kì bá mọ ogun náà lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá dìde láti gba Ìjàyè, Ìjẹ̀bú náà sì wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀nà méjì péré ni owó, oògùn, aṣọ, ìwé àti lẹ́tà fi ń ti Èkó dé Ìbàdàn: ọ̀nà Abẹ́òkúta àti ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Nígbà tí a sé méjèèjì, ilé òjíṣẹ́ ní Kúdẹtì dà bí erékùṣù. Ìlú tí ń jagun ni ó yí wọn ká, àwọn ìlú tí Ìbàdàn ń bá jà sì dúró sí àárín wọn àti òkun.

Ìyà náà kò mọ sí Ìbàdàn nìkan. Nínú odi Ìjàyè pẹ̀lú, àwọn òjíṣẹ́ ń tọ́jú àwọn tí ogun ṣe léṣe: Àlùfáà Adolphus Mann ti C.M.S. àti aya rẹ̀, àti àwọn ará Amẹ́ríkà ti ìjọ Onítẹ̀bọmi. Nígbà tí ìyàn mú, tí ara aya Mann kò sì yá mọ́, a mú wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Edward Roper ni ó dúró nípò wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù March, ọdún 1862, Ìjàyè fọ́. Kúrunmí ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú, lẹ́yìn tí ogun ti pa àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mú Roper lẹ́rú, wọ́n mú un wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì béèrè owó ìràpadà lórí rẹ̀. Ilé Kúdẹtì ni a fi í sí. Báyìí ni ilé Anna gba ẹni tí ó ti Ìjàyè wá sáàárín àwọn ọmọ Ìbàdàn, tí gbogbo wọn sì jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan.

IV. Ilé ẹ̀kọ́ di ilé ìtọ́jú

Lónìí, bí a bá dárúkọ nọ́ọ̀sì, obìnrin tí ó wọ aṣọ funfun, tí ó ti kàwé gboyè, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ dókítà ni ọkàn wa ń lọ sí. Ní ọdún 1860 kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Kódà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún náà gan-an ni Florence Nightingale, ẹni tí ó ti lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun Kiríméà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùtọ́jú aláìsàn sí ilé ìwòsàn St. Thomas. Anna kò lọ sí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ó mọ̀ ni ohun tí ìyá mọ̀: omi, oúnjẹ, ìmọ́tótó, àìsùn àti àdúrà.

Iṣẹ́ náà kò sì jìnnà sí i. Àìsàn ọkọ rẹ̀ kò tán. Bí ó bá dìde lónìí, a tún wó o lulẹ̀ lọ́la. Àwọn ọmọ tí ó wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀ ń ṣàìsàn gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọmọdé, ebi sì ń mú kí àìsàn tètè rí ọ̀nà wọlé. Òun fúnra rẹ̀ kì í gbádùn. Ẹni tí ibà ń gbọ̀n ni ó ń dìde láti lọ wo ẹlòmíràn tí ibà ń gbọ̀n. Oògùn tí ó ti Èkó wá tẹ́lẹ̀ ń tán lọ, kò sì sí ọ̀nà láti rí òmíràn.

Lẹ́yìn àìsàn ni ebi. Owó ẹyọ tán lọ́wọ́ wọn. Nígbà náà ni Anna bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun ìní ilé: àpótí páànù, ohun èlò ilé ìdáná, títí kan aṣọ tí ó ń wọ̀. Ìbàdàn ni ó ra wọ́n, owó ọjà Ìbàdàn ni ó sì fi ra oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó jẹ́ pé ẹ̀wà díẹ̀ tí a fi ata àti iyọ̀ díẹ̀ sè ni gbogbo oúnjẹ wọn, ọ̀pọ̀ alẹ́ sì ni tọkọtaya náà sùn pẹ̀lú ebi. Ní àárín ìyà yìí ni David ń túmọ̀ ìwé John Bunyan sí èdè wa, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1866 tí a ń pè ní Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́. Àwọn tí ó ti ka ìwé náà ní ilé ẹ̀kọ́ yóò lóye rẹ̀ dáradára sí i bí wọ́n bá rántí pé inú ìyàn àti ìsémọ́ ni a ti túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ibí ni a fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀. Ohun tí ó rọrùn jù lọ fún Anna ni kí ó tú ilé náà ká, kí ó sọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan pé, "Padà sí agbo ilé bàbá rẹ, kò sí oúnjẹ mọ́." Ẹnikẹ́ni kì bá dá a lẹ́bi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí ilé náà kò tú, ohun tí ó ti ń fi ẹnu kọ́ wọn di ohun tí wọ́n ń fi ojú rí. Ọmọ tí ó kọ́ ẹsẹ Bíbélì nípa ìfẹ́ ní òwúrọ̀ a sì rí i ní alẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń pín ìwọ̀nba ẹ̀wà. Kò sí ìwé kíkà tí ó lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Kò sì dá a ṣe. Daniel Olúbi, ẹni tí a bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1830, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó sì ti di olùkọ́, dúró tì í, òun àti Susanna aya rẹ̀. Ẹ ronú ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Olúbi. Ẹ̀gbá sì ni Ìbàdàn ń bá jà. Síbẹ̀ ó gbé Ìbàdàn já, àwọn ará Ìbàdàn sì jẹ́ kí ó gbé. Ó yẹ kí a kíyè sí èyí pẹ̀lú: nínú gbogbo ọdún ogun náà, àwọn olóyè Ìbàdàn kò lé àwọn òjíṣẹ́ jáde, wọn kò sì pa wọ́n lára. Bí a bá ń sọ pé Anna tọ́jú àwọn ọmọ Ìbàdàn, kí a má ṣe gbàgbé láti sọ pé Ìbàdàn náà tọ́jú Anna. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ó yẹ ìtàn. Àwọn olóyè tí ó dáàbò bo ilé Kúdẹtì ni wọ́n ń kó ẹrú láti ojú ogun. Orin àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lọ sókè nínú ìlú tí ẹkún àwọn ìgbèkùn Ìjàyè náà ti ń lọ sókè. Lẹ́tà tí Anna kọ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì ṣe ìdájọ́ òdodo sí gbogbo àṣà wa; ojú àjèjì ni ó fi wo púpọ̀ nínú wọn, ó sì pe àwọn ohun kan ní òkùnkùn tí kò ṣe òkùnkùn. A lè mọ èyí, kí a sì tún mọ iyì ohun tí ó ṣe.

Ní àwọn ọdún yìí kan náà, ní òdì kejì òkun, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà nínú ogun mìíràn. Susie King Taylor ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí, a bí i sínú oko ẹrú ní Georgia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1848. Ní ìkọ̀kọ̀ ni ó kọ́ ìwé, nítorí òfin kò gbà kí ẹrú kàwé. Ní ọdún 1862, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, ó sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì fi í ṣe olùkọ́ àwọn ọmọ tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú. Láti ibẹ̀ ó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kan lọ. Ó ń fọ aṣọ wọn, ó ń kọ́ wọn ní ìwé, ó sì ń tọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́, fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́rin lọ láìgba owó. Anna àti Susie kò mọ ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá sí ilẹ̀ wa. Èkejì jẹ́ ọmọ àwọn tí a kó lọ láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ìdí iṣẹ́ ìtọ́jú jọ ara wọn: kíkọ́ni ni ó kọ́kọ́ mú wọn sún mọ́ àwọn ènìyàn, ogun sì bá wọn níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan kò lè yí ojú kúrò nígbà tí ọmọ náà bá ń ṣàìsàn.

V. Ọ̀nà là

Ìjàyè fọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là. Ogun náà ṣí lọ sí ìhà Rẹ́mọ, ó sì ń bá a lọ títí di ọdún 1864. Èkó ti bọ́ sábẹ́ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1861. Ní oṣù March, ọdún 1865, John Glover tí ó ń ṣe olórí ìjọba ní Èkó rán ọmọ ogun lọ lé àwọn Ẹ̀gbá tí ó dó ti Ìkòròdú. Lẹ́yìn èyí ó rán Captain Maxwell pẹ̀lú ìwọ̀nba ọkùnrin díẹ̀ láti la inú igbó Ìjẹ̀bú kọjá lọ mú àwọn Hinderer jáde.

Láìròtẹ́lẹ̀, ní òru, ni Maxwell dé Kúdẹtì ní oṣù April, ọdún 1865. Kò lè dúró pẹ́, nítorí bí òkìkí bá tàn, a ó tún sé ọ̀nà náà mọ́ ọn. Nítorí náà ìwọ̀nba wákàtí péré ni Anna ní láti fi gba ilé ọdún méjìlá sílẹ̀. David kò lè lọ ní ọjọ́ náà. Ó ní láti dúró kí ó tó iṣẹ́ ìjọ. Àwọn ọmọ sunkún. A gbé Anna sínú àsọ̀ ìrọ̀gbọ̀kú, àwọn ọkùnrin sì gbé e la igbó já dé Èkó. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí ohun tí tirẹ̀ rí lè sọ pé ó tó. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún padà wá sí Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó sì bá àwọn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, àwọn kan ti di àgbà, àwọn kan ti gbéyàwó. Ṣùgbọ́n ìyà ọdún márùn-ún ti jẹ ẹ́ dé egungun. Ní oṣù January, ọdún 1869, wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Ní ọjọ́ 6 oṣù June, ọdún 1870, ó kú ní Martham, ní Norfolk tí a gbé bí i, ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ó fi ṣe ti Yorùbá nínú rẹ̀.

VI. Ohun tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀

Bí a bá fẹ́ mọ bóyá iṣẹ́ olùkọ́ dára, kí a má ṣe wo ọjọ́ tí ó wà níbẹ̀. Kí a wo ọjọ́ tí ó lọ. Nígbà tí àwọn Hinderer lọ ní ọdún 1869, kò sí òyìnbó kankan tí ó rọ́pò wọn. Daniel Olúbi ni ó di olórí iṣẹ́ ní Ìbàdàn. A fi í joyè díákónì ní ọdún 1871, a sì fi í jẹ àlùfáà lẹ́yìn náà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bí James Òkúsẹ̀hìndé àti William Allen, ni ó di ìjọ mẹ́ta mú, Kúdẹtì, Arẹ́mọ àti Ògùnpa, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé tí a fi ebi kọ́ kò wó nígbà tí ẹni tí ó kọ́ ọ lọ.

Samuel Johnson, ọmọ tí ń sáré kiri àgbàlá Kúdẹtì nígbà ogun, di olùkọ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1866, ó sì di àlùfáà nígbẹ̀yìn. Nígbà tí ogun Kírìjì dé, òun àti Charles Phillips ni ó ń rìn láàárín bùdó ogun méjèèjì láti wá àlàáfíà, títí a fi ṣe àdéhùn ní ọdún 1886. Lẹ́yìn èyí ni ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń kà, tí ó parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọmọdé tí ó mọ bí ogun ti rí láti inú ilé tí a ti ń tọ́jú aláìsàn ni ó dàgbà tí ó di onílàjà. A kò lè sọ pé Anna nìkan ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó lọ ní Abẹ́òkúta wà. Ṣùgbọ́n inú ilé yẹn ni ó ti rí ohun tí ogun ń ṣe sí ọmọdé.

Ní ti àwọn ọmọbìnrin, a dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún wọn ní Kúdẹtì ní ọdún 1899. Ní ọdún 1950 a so ó pọ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti C.M.S. tí ó ṣí wá láti Èkó, wọ́n sì di St. Anne's ní Mọ́lété. Nínú àwọn tí ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ ti Èkó náà ni Kofoworọlá Scott, tí a bí ní ọdún 1915. Ó wá sí Ìbàdàn láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní United Missionary College, ó sì padà lọ kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Èkó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó ti wù ú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́ tí ó yẹ ọmọ ẹni nígbà náà. Lẹ́yìn tí ó ti di Ìyáàfin Pratt, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1946, ó sì kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní St. Thomas. Ó padà wá sí Ìbàdàn, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, U.C.H. Olùkọ́ tí ó di olùtọ́jú aláìsàn ni òun náà, ní ìlú kan náà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ti Anna. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ayé ti yí: kì í ṣe àjèjì tí ó ti òkun wá mọ́, kì í sì í ṣe ọwọ́ òfìfo ni ó fi ń tọ́jú aláìsàn. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, ó ní ìmọ̀, ó ní oògùn, ó sì ní àwọn ọmọbìnrin tí ó ń kọ́.

A máa ń pín iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ olùtọ́jú aláìsàn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a sì dára bí a ti pín wọn, nítorí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìmọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Kúdẹtì, láàárín ọdún 1860 sí 1865, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ṣe méjèèjì, nítorí ọmọ tí ó ń kọ́ ni ọmọ tí ń ṣàìsàn. Ọmọ tí ó jókòó níwájú olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ wa lónìí lè má jẹun wá; ó lè jẹ́ pé ibà ń mú un lábẹ́ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kí a tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ó kọ́ lánàá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ dáadáa.